Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn ọ̀gá àgbà yunifásítì ìjọba: Ẹ wá bá àwọn òbí wa jókòó ní Kétu

Ẹ̀yin ọ̀gá àgbà yunifásítì ìjọba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ìlú Kétu, ó sì di ọdún mẹ́sàn-án báyìí tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò BAC tí a fi ń parí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó wọ yunifásítì nínú ẹbí bàbá mi àti ti ìyá mi, ọdún márùn-ún ni mo sì fi gba licence, ìyẹn digírì àkọ́kọ́, tó yẹ kí n fi ọdún mẹ́ta gbà. N kò kọ lẹ́tà yìí láti fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ tí mo lọ nígbà náà kò mọ̀ pé òun ń ṣẹ̀ mí, èmi náà kò sì mọ̀ pé wọ́n ń ṣẹ̀ mí. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá bẹ̀ yín fún, màá sì sọ ọ́ kí n tó ro ẹjọ́ rẹ̀: ẹ jọ̀wọ́, láàárín ọjọ́ tí èsì BAC bá jáde àti ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ bá parí, ẹ máa rán ènìyàn wá sí Kétu, kí ó wá bá àwọn òbí wa jókòó, kí ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè tí wọ́n gbọ́.

Ní ọdún tí mo yege BAC, àbúrò mi ọkùnrin fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó ní iṣẹ́ aṣọ rírán ni òun fẹ́ kọ́. Bàbá mi, àgbẹ̀ tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi, wọ́n ra ìgò sódabì kan pẹ̀lú obì, wọ́n sì mú ọmọ náà lọ sí ilé ọ̀gá aránṣọ kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Pọ́bẹ̀. Mo bá wọn lọ. Ọ̀gá náà gbé bẹ́ǹṣì jáde fún wọn, kò sì dá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sílẹ̀ títí wọ́n fi mu omi tán. Lẹ́yìn náà ló wá là á fún wọn lẹ́sẹẹsẹ: ọdún mẹ́ta ni ọmọ yóò lò, iye báyìí ni owó ìkọ́ṣẹ́, ìdajì rẹ̀ lónìí, ìdajì lọ́jọ́ ìdáǹdè, ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ilẹ̀ ni yóò máa gbá, tí yóò sì máa já òwú kúrò lára aṣọ, kí wọ́n má ṣe rò pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, bí ó bá ṣẹ́ abẹ́rẹ́, òun ni yóò ra òmíràn, bí ara rẹ̀ kò bá yá, ẹni báyìí ni wọn yóò ránṣẹ́ sí. Bàbá mi béèrè ìbéèrè bíi mẹ́wàá. Ó béèrè bóyá ọmọ lè máa wálé wá bá òun kórè àgbàdo ìparí ọdún, ọ̀gá sì fèsì pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni òun lè yọ̀ǹda, nítorí ìgbà yẹn gan-an ni àwọn oníbàárà ń kó aṣọ ọdún wá. Nígbà tí wọ́n fi máa dìde, bàbá mi ti mọ ọ̀nà tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn náà tí ó kàn mí. Gbogbo ohun tí bàbá mi rí nípa yunifásítì tèmi kò ju bébà kan tí wọ́n tẹ èdè Faransé sí lọ. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá yí i sẹ́yìn, ó dá a padà fún mi. Ó ní, "Ta ni ọ̀gá rẹ níbẹ̀?" N kò mọ̀ ọ́n. "Ọdún mélòó?" Mo ní mẹ́ta. "Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ta ni a ó bi?" N kò lè dáhùn. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ka owó sí mi lọ́wọ́, owó àgbàdo tó yára tà kí ọjà tó wọ́n, ó sì ní kí Ọlọ́run ṣọ́ mi lọ, ṣọ́ mi bọ̀. Bàbá tí kò jẹ́ kí àbúrò mi wọ ilé aránṣọ láìkọ́kọ́ bá aránṣọ sọ̀rọ̀, òun náà ló fi mí ránṣẹ́ sí ilé tó tóbi ju ti aránṣọ lọ láìmọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kì í ṣe pé kò bìkítà. Ẹni tí yóò gbé bẹ́ǹṣì jáde fún un ni kò sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyẹn dà fún mi. Ní ọdún 2007 ni UEMOA, àjọ ọrọ̀-ajé àti owó ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti pàṣẹ pé kí àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ máa lo ètò LMD (licence, master, doctorat), nínú èyí tí sẹ̀mẹ́sítà kan jẹ́ kírẹ́dì 30, ìyẹn òǹkà iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kó jọ díẹ̀díẹ̀, tí licence sì jẹ́ 180. Ẹ̀yin mọ èyí bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, àròpọ̀ máàkì ni à ń wò: bí ó bá pé mẹ́wàá nínú ogún, ọmọ kọjá, bí kò bá pé, ọmọ tún kíláàsì kà. Òye yẹn ni mo gbé wọ yunifásítì, kò sì sí ẹni tó sọ fún mi pé ó ti yí padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni wọ́n lẹ èsì sẹ̀mẹ́sítà wa àkọ́kọ́ mọ́ ògiri. Òjò ti pa bébà náà, yíǹkì rẹ̀ ti ṣàn níbi kan, ẹni tó sì wà níwájú mi ga jù mí lọ, tó fi jẹ́ pé abẹ́ apá rẹ̀ ni mo gbà kà á. Níwájú UE méjì nínú tèmi, ìyẹn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí à ń gba kírẹ́dì lórí rẹ̀, wọ́n kọ "non validé", pé n kò gbà á. Mo fi ìka tọ ìlà náà lẹ́ẹ̀mẹta láti nọ́ńbà mi lọ sí ọ̀rọ̀ yẹn, kí n má ṣe ṣi ìlà elòmíràn kà. Ó tán lójú mi. Mo gbà pé ọdún ti bàjẹ́, mo di ẹrù, mo wá sílé. Nígbà tí bàbá mi bi mí pé ṣé ìsinmi ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì bá a lọ sóko fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí mo padà lọ kó fóòmù tí mo ń sùn lé àti sítóòfù mi kúrò ní yàrá tí mo háyà, ẹni tí a jọ ń gbé ibẹ̀ bi mí pé níbo ni mo wà nígbà tí wọ́n ń ṣe rattrapage.

N kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Òun kùnà UE mẹ́ta, èmi kùnà méjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kàwé jáde ṣáájú rẹ̀ sọ fún un lórí fóònù, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, pé kí ó lọ tún ìdánwò ṣe. Ó tún un ṣe, ó gba méjì, ó sì gbé ẹyọ kan tó kù bíi gbèsè lọ sí ọdún kejì. Èmi tó kùnà méjì tún gbogbo ọdún náà ṣe. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fura sí ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún mi pé ọmọ tó bá ní ọpọlọ ni yóò yege ní yunifásítì.

Ọdún kejì tí mo pàdánù kò ti ọwọ́ mi wá, ti ọwọ́ ilé ló ti wá, ìdí sì nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ òbí. Ìyá bàbá mi kú. Wọ́n pè mí pé kí n wá ṣe ìsìnkú, èmi ni àrẹ̀mọ, kò sì bójú mu kí àrẹ̀mọ má sí níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò ni. Mo sọ fún bàbá mi pé ìdánwò wà, ó ní kí n lọ bẹ ọ̀gá mi, kí ó yọ̀ǹda ọjọ́ mẹ́rin fún mi, bí aránṣọ ṣe máa ń yọ̀ǹda àbúrò mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé pé n kò ní ọ̀gá tí mo lè bẹ̀? Mo wálé. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà tí mo ti di olùkọ́, tí mo sì fara balẹ̀ ṣàlàyé bí nǹkan ṣe rí fún bàbá mi, ó bú mi. Ó ní ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá sún ọjọ́ ìsìnkú síwájú, nítorí òkú kì í kánjú. Ó rò pé mo mọ̀ ọ́n mọ̀ pa á mọ́ fún òun ni.

Kò yẹ kí èyí jọ ẹnikẹ́ni lójú. Ní ọdún 1970 ni wọ́n dá yunifásítì àkọ́kọ́ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ yìí, nígbà tí a ṣì ń jẹ́ Dahomey. Ẹni tó bá fẹ́ ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ dójú àmì kí ìgbà náà tó dé, Dakar tàbí ilẹ̀ Faransé ló máa ń forí lé. Nínú iye tí UNESCO fi síta, nǹkan bí ìdá 42 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà wa ló mọ̀wé kọ, tó mọ̀ ọ́n kà, ní ọdún 2018. Ẹ wá ro iye ọmọ tó ń kún inú amphi yín, àwọn gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ ńlá yẹn, lọ́dọọdún, kí ẹ sì bi ara yín pé mélòó nínú wọn ló ní ẹnìkan nílé tó lè sọ ohun tí rattrapage jẹ́ fún un. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn òbí tó gba digírì ti pọ̀ ju tiwa lọ jìnnà, láti ọdún 1980 ni òfin ti ń dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀, ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kò gba digírì ọlọ́dún mẹ́rin, owó ìjọba sì ń lọ sí ètò tí wọ́n ń pè ní TRIO láti fi ràn wọ́n lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, níbi tí wọ́n ti kún ìlà ìjókòó láti iwájú dé ẹ̀yìn, a kò tíì fún wọn ní orúkọ kankan nínú ìwé wa.

Iṣẹ́ kan wà tí mo máa ń rántí. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ nípa ìwà àti ìrònú ẹ̀dá mẹ́ta, Nicole Stephens, MarYam Hamedani àti Mesmin Destin, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, wọ́n kó àwọn ọmọ tuntun jọ fún nǹkan bíi wákàtí kan, kí wọ́n gbọ́ ìtàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti pẹ́ nínú ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ìtàn bí wọ́n ṣe ṣe é tí wọ́n fi ń yege lásán ni wọ́n sọ fún apá kan. Fún apá kejì, olúkúlùkù fi kún un bí ilé tó ti wá ṣe mú kí ìṣòro rẹ̀ yàtọ̀ àti ọ̀nà tó gbà yanjú rẹ̀. Ní òpin ọdún, ọmọ àwọn tí kò gba digírì tó gbọ́ irú ìtàn kejì yìí ti sún mọ́ ọmọ àwọn tó gba digírì nínú máàkì ju ti apá kìíní lọ, ohun tí wọ́n sì rí pé ó fà á ni pé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ń lọ bá olùkọ́, wọ́n ń béèrè ìrànlọ́wọ́. Wákàtí kan péré! Ọ̀gá aránṣọ wa náà kò lò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ lílọ bá olùkọ́ yìí, mo fẹ́ dúró lé e lórí díẹ̀, nítorí mo rò pé àwọn olùkọ́ yín ń ṣi àwọn ọmọ wa gbọ́. Ọmọ tí a bá kọ́ dáadáa ní Kétu kì í ṣàdédé lọ kan ilẹ̀kùn àgbà. Ẹnìkan ni yóò mú un lọ. Bí ó bá débẹ̀, yóò kí, yóò sì dúró títí àgbà yóò fi bi í pé kí ló dé. Nígbà tí mo ń wá ẹni tí yóò bójú tó mémoire mi, ìwé ìwádìí àṣekágbá, ọ̀sán méjì ni mo fi dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì olùkọ́ kan. Ó kọjá lára mi lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní gbogbo ìgbà tó bá kọjá ni mo ń dọ̀bálẹ̀ kí i, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dá mi lóhùn, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Kò bi mí ní nǹkan kan, n kò sì sọ nǹkan kan. Obìnrin kan tó ń nu ilẹ̀ níbẹ̀, ará Ṣakétẹ́, ló gbọ́ tí mo ń kí ènìyàn ní Nàgó, Yorùbá tiwa, lórí fóònù. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti ògiri, ó ní, "Ọmọ mi, wọn kì í bi ènìyàn níbí o. Kan ilẹ̀kùn, kí o sọ ohun tí o wá ṣe." Mo kan ilẹ̀kùn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọ̀rọ̀ náà gbà, olùkọ́ náà sì jẹ́ èèyàn rere. Ó ní òun rò pé ẹnìkan ni mo ń dúró dè.

Mo mọ ènìyàn mẹ́ta nínú ìlú yìí tó ti gba gbogbo UE wọn pé, tó jẹ́ pé mémoire nìkan ló kù fún wọn, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn ń fi zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà, gbé mi lọ síbi iṣẹ́ nígbà mìíràn. Wọn kò sí nínú iye àwọn tó yege, wọn kò sì sí nínú iye àwọn tó kùnà.

N kò sọ pé owó kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó wà níbẹ̀, ó sì pọ̀: owó yàrá, owó fọ́tòkọ́pì, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Èdè náà wà níbẹ̀, nítorí ọmọ Kétu tó bá dé yunifásítì tó wà ní Calavi yóò bá Faransé nínú amphi, yóò bá Fọn ní ìgboro, yóò sì wá rí i pé èdè tí òun fi ń ronú kò wúlò níbì kankan títí òun yóò fi padà sí yàrá. Ẹlòmíràn á kọ̀wé sí yín lórí ìwọ̀nyí. Èyí tí mo mú wá ni èyí tí kò náni lówó púpọ̀, tí kò sì sí ìdí tí kò fi lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí.

Ọ̀rọ̀ yíyan ẹ̀kọ́ náà wà lára rẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn ọmọ ti ń yàn án báyìí, èyí tó dára fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà nílé. Ọmọbìnrin kan tó mọ ìṣirò jù lọ nínú kíláàsì mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà kan, ó ní iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ìlera ni òun fẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ bá a kọ àyè kìíní, ó sì fi ohun tó wù ú kún àwọn àyè tó kù kí ìlà lè máa lọ. Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti ìlú ni wọ́n fún un, èyí tó wà ní àyè kẹta. Ó kà á, ó yege, ó sì ń ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n títí di òní yìí ni ìyá rẹ̀ ń sọ fún mi pé ìjọba ló yàn án fún ọmọ òun.

Ẹnìkan nínú yín lè sọ pé ọmọ ọdún méjìdínlógún ti kúrò ní ẹni tí à ń bá òbí rẹ̀ jókòó lé lórí, àti pé kò sí yunifásítì kan láyé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ náà lè ti pé ogún ọdún, ọ̀gá rẹ̀ sì ń gbé bẹ́ǹṣì jáde. Ní ilé tí bàbá ti gba licence, ìjókòó yẹn ti wáyé nídìí oúnjẹ alẹ́ fún ọdún mẹ́wàá kí ọmọ tó ṣe BAC. Yunifásítì kò rí i ni, ó sì ń jẹ èrè rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ṣe é ní ayẹyẹ. A kò fẹ́ àgọ́, a kò fẹ́ ẹ̀wù alárànbarà, a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọ̀rọ̀ ìkíni fún wákàtí méjì. Ẹni méjì péré ti tó, kí ọ̀kan jẹ́ òṣìṣẹ́ yín tó mọ òfin ìforúkọsílẹ̀ dáadáa, kí èkejì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta tàbí ti master tó wá láti agbègbè wa, kí ó sọ tirẹ̀ bí ó ti rí gan-an, títí kan ibi tó ti kọsẹ̀. Kí wọ́n sọ iye ọdún, iye owó tó dájú, oṣù tí ìdánwò máa ń bọ́ sí, ohun tí kírẹ́dì jẹ́, ohun tí ọmọ yóò ṣe bí ó bá rí "non validé" níwájú orúkọ rẹ̀, àti ọ́fíìsì tí òbí lè wá bí ọ̀ràn bá le. Kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ìbéèrè, nítorí àwọn bàbá wa yóò béèrè. Kí wọ́n tún ka gbogbo rẹ̀ sínú fóònù ní Yorùbá, kí a lè fi ṣọwọ́ lórí WhatsApp sí àwọn tó wà lóko, kí rédíò náà sì lè gbé e. Bákan náà ni kí ẹ ṣe ní Pọ́bẹ̀ àti ní Ṣábẹ, àti ní àwọn ìlú tó ń sọ èdè mìíràn, ní èdè tiwọn.

Nínú ọgbà yín, ohun kékeré kan péré ni mo fi kún un: nígbàkigbà tí ẹ bá lẹ èsì mọ́ ògiri, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ìlà kan sísàlẹ̀ rẹ̀ tí yóò sọ ọjọ́ rattrapage àti ibi tí ẹni tí kò bá lóye yóò ti béèrè.

Ọ̀kan nínú yunifásítì yín ní ọgbà níbí ní Kétu, ní ti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, nítorí náà, ẹni tí ẹ bá rán kò ní ṣe wàhálà ibùsùn. Ẹ yẹra fún ọjọ́ ọjà, nítorí pé àwọn ìyá kò ní fi àtẹ sílẹ̀. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ bá ti dé. Èmi yóò gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa, èmi yóò sì máa túmọ̀ níbi tó bá yẹ, láìgba kọ́bọ̀. Bàbá mi ti ní bẹ́ǹṣì ilé wa náà wà ńlẹ̀, pé kí n sọ fún yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Olùkọ́ kan ní ìlú Kétu